Yàrá kan ṣoṣo ni mo fi bẹ̀rẹ̀

Lálẹ́ ọjọ́ Sátidé kan báyìí, a ti pa ẹ̀rọ, àwọn ọmọ kéékèèké ti gbá ègé aṣọ kúrò nílẹ̀, ó ku èmi àti ọmọṣẹ́ mi àgbà nínú ṣọ́ọ̀bù. Òun ló máa gba fírídọ̀ọ̀mù lẹ́yìn Iléyá. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi yín léèrè ọ̀rọ̀ kan. ₦40,000 ni gbogbo ohun tí mo ní. Báwo lẹ ṣe ṣe é tí ẹ fi kọ́lé sí Ọ̀fà? Ẹ má bínú o."

Kí ni mo fẹ́ bínú sí? Mo ní kó dìde, kó fìdí lé àpótí. Ṣùgbọ́n ohun tí mo sọ fún un lálẹ́ ọjọ́ náà kò tó. Oorun ti ń kùn mí, ilẹ̀ sì ti ṣú. Mo wá jókòó lónìí láti kọ ọ́ bó ṣe yẹ, fún òun àti fún ẹnikẹ́ni tí owó rẹ̀ kò pọ̀, tó ń wo ilẹ̀ àti ilé bí ohun tí Ọlọ́run dá fún olówó nìkan.

Aránṣọ ni mí. Ọ̀fà ni wọ́n ti bí mi, Ìlọrin ni mo ti ń jẹun, ní Gáà-Àkàńbí, ó ti tó ọdún 14 báyìí. Ọkọ mi ń wa ọkọ̀ akérò láti Gáréèjì Ọ̀fà lọ sí Òmù-Àrán. A kò jogún ilẹ̀, kò sì sí ẹni tó gbé owó ńlá lé wa lọ́wọ́ rí. Yàrá méjì tó ń mówó wọlé, àti ìkẹta tó ti dé líńtẹ̀lì (ìdábùú orí ilẹ̀kùn àti fèrèsé), ni gbogbo ohun tí mo lè nawọ́ sí. Nǹkan bí ọdún mẹ́wàá ni mo fi ṣe é.

Ẹ wọkọ̀ láti Ìlọrin lọ sí Ọ̀fà lọ́jọ́ kan. Bí ẹ bá ti ré Gánmọ̀ kọjá, tí ẹ kọjá Amóyọ̀ àti Ìdọ̀fìán, kí ẹ tó yà ní Àjàṣẹ́-Ìpo, ẹ máa wo ọ̀tún, ẹ máa wo òsì. Ìpìlẹ̀ ilé ló tò lọ bẹẹrẹ. Àwọn kan ga dé orúnkún, àwọn kan dé ojú fèrèsé, igbó akíntọ́lá ti bò wọ́n, ewúrẹ́ ń sùn níbi tó yẹ kó jẹ́ pálọ̀. Àwọn tó ni wọ́n kì í ṣe ọ̀lẹ. Ilé oníyàrá mẹ́rin ló wà lọ́kàn wọn, owó ọwọ́ wọn sì tó ìpìlẹ̀, kò tó òrùlé. Ọdún yípo, sìmẹ́ǹtì wọ́n sí i, owó ilé-ìwé àwọn ọmọ dé, iṣẹ́ dúró. Owó tí wọ́n rì mọ́lẹ̀ níbẹ̀ kò pa kọ́bọ̀ wọlé. Ó máa ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá ń kọjá, torí mo mọ̀ pé owó inú ìpìlẹ̀ yẹn ì bá ti kọ́ yàrá kan tó ní ilé ìwẹ̀ àti ibi ìdáná tirẹ̀, ohun tí gbogbo wa ń pè ní self-contain, kí wọ́n kan páànù lé e, kí ayálégbé sì wọ inú rẹ̀.

Ohun tí mo tẹnu mọ́ fún ọmọṣẹ́ mi nìyẹn. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré, ohun kékeré tó lè parí ni kó kọ́. Yàrá tó bá parí ló ń bí yàrá.

Ọdún 2015 ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í dá àjọ ₦300 lójúmọ́ lọ́dọ̀ bàbá alájọ tó máa ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù wa kọjá lẹ́yìn Àsárì. Káàdì rẹ̀ ní ojú 31. Ojú kan jẹ́ tirẹ̀, 30 tó kù jẹ́ tèmi. Ìyẹn ni pé bí káàdì kan bá kún, ₦9,000 ni mo ń kó. Lóṣù tí iṣẹ́ bá dára, mo lè rí ₦45,000 lẹ́yìn tí mo bá ti yọ owó òwú àti epo jẹnẹrétọ̀. Lóṣù tí kò bá dára, èmi ni mo mọ bí mo ṣe ń jẹun. Ṣùgbọ́n n kò jẹ́ kí ojú káàdì kan ṣófo. Àwọn kan á ní kí ló dé tí n kò kó o lọ sí báńkì tààrà. Ta ló máa lọ tò ní báńkì lójoojúmọ́ nítorí ₦300? Àmọ́ bí káàdì bá ti kún báyìí, lọ́jọ́ kejì ni mo ń gbé owó náà lọ sí báńkì, torí alájọ náà èèyàn ni, ó lè ṣàìsàn, ó sì lè kó lọ sí ìlú mìíràn. Nígbà tí 2016 fi máa parí, káàdì 24 ni mo ti kún. ₦216,000.

Nínú owó yẹn ni ₦50,000 ti ṣègbé, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí.

Láàárín 2016, ẹnì kan mú mi mọ ọkùnrin kan tó ní bàbá òun nílẹ̀ lápá Ẹyẹńkọrin. Ọkùnrin náà kàwé, ó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, ó ní òun á fún mi ní ẹ̀dínwó bí mo bá tètè sanwó. Mo san ₦50,000 àsansílẹ̀. Ó ya ìwé kan látinú ìwé àkọsílẹ̀ ọmọ iléèwé, ó kọ orúkọ mi àti iye owó, ó bọwọ́ lù ú. Kò sí ẹlẹ́rìí kankan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, mo mú téèpù mi àti igi mẹ́rin, mo lọ láti lọ fi ààlà sí ilẹ̀ mi.

Mo bá bàbá àgbàlagbà kan níbẹ̀ tó ń kọ ebè. Mo ní, "Ẹ kúuṣẹ́ o, bàbá." Ó ní, "Oo, kú ìrìn. Ta lò ń wá?" Mo ní ilẹ̀ tí mo rà ni mo wá wò. Ó gbé ọkọ́ dúró, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu òógùn ojú rẹ̀. "Ọmọ mi, ta ló tà á fún ọ?" Mo dárúkọ ọkùnrin náà. Bàbá yìí kò bínú. Òun gan-an ló bà mí nínú jẹ́ jù, pé kò bínú rárá. Ó ní, "Ọmọ àbúrò wa ni. Òun náà ní ìpín níbí lóòótọ́, ṣùgbọ́n a kò tíì pín in. Ìwọ ni ẹnì kẹta tó wá."

Ó ní kí n wá mu omi lábẹ́ igi. Mo mu ún. Mo ká téèpù mi, mo padà sílé. Láti ọjọ́ náà, fóònù ọkùnrin yẹn kò wọlé mọ́.

Lọ́yà kan tí mo ń ránṣọ fún ìyàwó rẹ̀ ló là mí lọ́yẹ̀ lẹ́yìn náà, kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi. Ó ní ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ọmọ ẹbí kan. Tí olórí ẹbí kò bá sí nínú títà náà, òfin kò kà á sí títà rárá, bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Tí olórí ẹbí bá dá tà á láìsí ìmọ̀ àwọn àgbà tó jẹ́ aṣojú ìdí-igi (ẹ̀ka ẹbí) kọ̀ọ̀kan, wọ́n lè lọ sí kóòtù kí wọ́n ní kí ó dàrú. Nítorí náà kí ènìyàn má ṣe béèrè pé "Ta ló ni ilẹ̀ yìí?" nìkan. Kó béèrè pé, "Ta ni olórí ẹbí? Ìdí-igi mélòó ni? Ta ni àgbà wọn lọ́kọ̀ọ̀kan?" Ní Ìlọrin, ẹ lọ bá Mọ́gàjí agboolé náà, tó bá sì jẹ́ ẹ̀yìn ìlú ni, Alángúà, olórí abúlé ibẹ̀, mọ ẹni tó ń dá oko níbẹ̀ àti ẹni tó ni ín. Ẹ lọ bá ẹni tó ń kọ ebè pàápàá. Ká ní mo ti kọ́kọ́ kí bàbá yẹn kí n tó sanwó, ₦50,000 mi ì bá wà lọ́wọ́ mi.

Olówó lè ra ilẹ̀ mẹ́ta kí ọ̀kan jẹ́ ayédèrú, kí méjì tó kù tú u sílẹ̀. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀. Owó ọdún méjì ni a ń gbé kalẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń bínú sí àwọn tó máa ń sọ fún àwọn ọmọdé pé "Tètè sanwó kí ẹlòmíràn má baà rà á." Ẹni tí owó rẹ̀ kéré ló yẹ kó lọ́ra jù.

Bàbá Kékeré, àbúrò bàbá mi tó ń gbé ní Ọ̀fà, ló gbọ́ pé ẹbí kan fẹ́ ta ilẹ̀ lápá ibi tí àwọn ọmọ Fẹ́dírà Pólì ń gbé. Pólì yẹn ti wà níbẹ̀ láti 1992, ọmọ iléèwé kì í sì í tán lọ́dọ̀ wa. Ìgbà mẹ́ta ni èmi àti Bàbá Kékeré lọ. Ìdí-igi mẹ́ta ni ẹbí náà. Olórí ẹbí jókòó, àgbà kọ̀ọ̀kan láti ìdí-igi kọ̀ọ̀kan jókòó, àwọn ọ̀dọ́ ilé dúró. Nígbà tí wọ́n fẹ́ bọwọ́ lùwé, bàbá kan tí ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́ ní kí wọ́n ka ìwé náà sókè fún òun lédè Yorùbá kí òun tó tẹ̀ka. Lọ́yà kà á. Gbogbo wa gbọ́. Ọkàn mi balẹ̀ ju ìgbà tí mo rí ontẹ̀ lọ.

Pulọ́ọ̀tì kan lọ́dọ̀ wa jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 50 ní 100. Agbára mi kò ká a. Mo tọrọ àbọ̀, 50 ní 50, wọ́n sì fún mi ní ₦220,000. Àbọ̀ pulọ́ọ̀tì kò ti ẹnikẹ́ni lójú. Ẹ kọ èyí sílẹ̀ pẹ̀lú: owó ilẹ̀ nìkan kọ́ ni owó ilẹ̀. Sọ́fè (wíwọn ilẹ̀ àti yíya àwòrán rẹ̀) gba ₦45,000, lọ́yà gba ₦15,000, owó ìbọwọ́lùwé àti obì ẹbí gba ₦20,000. ₦80,000 nìyẹn, lórí ilẹ̀ ₦220,000. Ẹni tó bá kó gbogbo owó rẹ̀ fún onílẹ̀ láìṣẹ́ku nǹkan kan, orí ìwé ló ti máa há.

Níbo ni mo ti rí ₦300,000? Ìyókù àjọ mi lẹ́yìn àdánù yẹn jẹ́ ₦166,000. Káàdì mẹ́fà ní 2017 fi ₦54,000 kún un. ₦80,000 tó kù, ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwa aránṣọ ló yá mi. ₦40,000 ni mo ti fi pamọ́ sọ́dọ̀ wọn, ìlọ́po méjì sì ni wọ́n ń yáni. Mùsùlùmí ló pọ̀ nínú wa, a kì í gba èlé. Owó fọ́ọ̀mù nìkan ni. ₦8,000 ni mo ń dá padà lóṣù, oṣù mẹ́wàá gbáko. N kò yá owó orí fóònù rí, n kò sì ní í yá a láéláé. Owó tí èlé rẹ̀ ń ka ọjọ́ kò ṣeé fi ra ilẹ̀ tó ń ka ọdún.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ sọ́fè ṣeré. Láti 1978 tí òfin ilẹ̀ ti jáde, ọwọ́ gómìnà ni ilẹ̀ ìpínlẹ̀ wà nítorí gbogbo ará ìlú. Ẹ̀tọ́ láti lo ilẹ̀ ni ẹbí ń tà fún wa. Bí ìjọba bá ti gba ilẹ̀ kan fún iṣẹ́ ìlú, kò sí bí ẹbí ṣe lè bọwọ́ lùwé tó tí ó máa di tiyín. Sọ̀fíyọ̀ tó forúkọ sílẹ̀ ló lè mú nọ́ńbà igun ilẹ̀ náà, kó fi wò ó lórí àwòrán ìjọba bóyá ó bọ́ sínú ibi tí wọ́n ti gbà. Kí ẹ tó san owó tán ni kó ṣe èyí, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀. Òun náà ló máa ri àwọn òpó kọnkéré kéékèèké tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí lórí mọ́ igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Èmi kò tíì ní C of O, ìwé ẹ̀rí ẹ̀tọ́ ilẹ̀ láti ọ̀dọ̀ gómìnà, mo ń tu owó rẹ̀ jọ. KW-GIS, ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń bójú tó ìwé ilẹ̀, ló ń mójú tó o ní Kwara. Ṣùgbọ́n àgírímẹ́ǹtì, rìsíìtì àti sọ́fè mi wà nínú àpò ọ̀rá nínú àpótí ìyá mi, ẹ̀dà wọn sì wà lọ́dọ̀ lọ́yà.

Ọdún kan ni ilẹ̀ náà fi wà bẹ́ẹ̀ kí n tó fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù. Ìyá mi gbin gbágùúdá sí i, kí gbogbo ojú lè rí i pé ó ní olúwa. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ni mo ní kó gbìn ín. Bí ẹ bá gbà kí àjèjì máa dáko lórí ilẹ̀ yín, ẹ kọ ọ́ sínú ìwé, torí lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ kọ́lé, owó irúgbìn ni ẹ máa kọ́kọ́ san.

Kí n tó kọ́ ohunkóhun, mo ní kí wọ́n ya àwòrán ilé oníyàrá mẹ́rin tó tò lẹ́sẹẹsẹ, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ilé ìwẹ̀ tirẹ̀, mo sì gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé. Àwòrán yàrá mẹ́rin, ṣùgbọ́n yàrá kan ni mo kọ́kọ́ kọ́. Ìgbà tí bíríkìlà mọ ògiri yàrá kìíní, ó fi eyín sílẹ̀ lára rẹ̀, búlọ́ọ̀kù kan yọ síta, ọ̀kan wọlé, kí ògiri yàrá kejì lè gé e jẹ nígbà tí ọjọ́ rẹ̀ bá pé. Ẹni tó bá ń kọjá á rò pé iṣẹ́ kò parí. Ayálégbé inú rẹ̀ mọ̀ pé ó parí.

Iṣẹ́ aránṣọ ràn mí lọ́wọ́ níbi tí n kò rò. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, bíríkìlà sọ iye búlọ́ọ̀kù tí mo máa rà, ó pọ̀ lójú mi. Mo yọ téèpù ọrùn mi. Búlọ́ọ̀kù kan gùn ní ínǹṣì 18, ó ga ní ínǹṣì 9. Ògiri tó gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12, búlọ́ọ̀kù 8 ló máa tò síbẹ̀ ní ìlà kan. Tó bá ga ní ẹsẹ̀ bàtà 9, ìlà 12 ni. 8 lọ́nà 12 jẹ́ 96. Bí a ṣe ń ka yáàdì ló rí. Mo ka gbogbo ògiri, mo yọ ojú ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò, mo fi díẹ̀ kún un fún èyí tó bá fọ́. Iye tó sọ kò bá tèmi mu. A jókòó, a tún un kà papọ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká máa ṣe é lọ bẹ́ẹ̀." Láti ìgbà náà, òun ni bíríkìlà mi, a kò sì jà rí.

Orí ilẹ̀ la ti gé búlọ́ọ̀kù náà, a kò ra ti ẹ̀gbẹ́ títì. Ìyá mi ló ń bomi rin wọ́n láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan, torí búlọ́ọ̀kù tí oòrùn bá yára gbẹ, ọwọ́ lásán ni wọ́n máa fi rún un. Ó máa ń rọ kẹ́ẹ̀tì omi lórí bí ẹni ń bomi rin ẹ̀fọ́, á sì máa kọrin sí wọn. Mo ní fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù mi.

Bí owó bá dé díẹ̀díẹ̀, ẹ mọ ohun tí ẹ máa fi í rà. Páànù kì í bà jẹ́. Irin á dípẹtà díẹ̀, kò burú. Sìmẹ́ǹtì ló ń di òkúta. Bó bá wà nílẹ̀ ju oṣù mẹ́ta lọ, pàápàá lásìkò òjò, ẹ ti sọ owó nù. Lórí pákó ni kí ẹ gbé e sí, kó má kan ilẹ̀, kó má fara kan ògiri. Nítorí náà, páànù ni mo kọ́kọ́ rà, kí n tó mọ ògiri rárá. Àwọn èèyàn ní kí ló ń ṣe mí. Ògiri tó dúró láìní òrùlé nínú òjò ọdún méjì, ẹ lọ wò ó lójú ọ̀nà Ìdọ̀fìán.

Yàrá kìíní gba ₦565,000. Mo ti gbé àjọ mi lọ sí ₦500 lójúmọ́, ìránṣọ Iléyá 2018 àti ti 2019 wọ inú rẹ̀, alájẹṣẹ́kù tún yá mi ní ₦120,000. Ó parí ní oṣù Èrèlé 2020. Mo kun ún ní funfun. Mo rán kọ́tìnnì sí i fúnra mi.

Oṣù kan lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ti gbogbo iléèwé pa nítorí Kòrónà. Kò sí ọmọ Pólì kan ní Ọ̀fà mọ́. Mo sunkún, n kò ní í purọ́. Oṣù mẹ́rin ni yàrá yẹn fi ṣófo, gbèsè alájẹṣẹ́kù sì wà lọ́rùn mi, aṣọ kò sí láti rán torí kò sí ayẹyẹ. Ọmọkùnrin kan tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà Ọ̀wọ́dé ló wá gbà á, ₦60,000 fún ọdún kan. Ọdún mẹ́ta ló lò níbẹ̀, kò jẹ mí ní kọ́bọ̀ rí. Ohun tó kọ́ mi ni pé bí a bá ń kọ́lé sítòsí iléèwé, kí ilé náà jẹ́ èyí tí oníṣẹ́ ọwọ́, nọ́ọ̀sì tàbí tọkọtaya tuntun lè gbé. Mo fi àyè sílẹ̀ fún ibi ìdáná tó tó ibi ìdáná, kì í ṣe igun tí wọ́n ń gbé sítóòfù sí lásán. Ibi ìdáná yẹn ló wu ìyá ọmọkùnrin náà nígbà tó wá wo yàrá fún ọmọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ka owó náà bó ṣe rí. Ilẹ̀ àti yàrá jẹ́ ₦865,000, owó ilé ọdún kan jẹ́ ₦60,000. Ó máa pẹ́ kó tó pé, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n yàrá kejì tí mo kọ́ ní 2022 kò ra ilẹ̀ mọ́. Kò gbẹ́ kànga mọ́, kò gbẹ́ sókàwéè mọ́, ògiri kan ti wà fún un tẹ́lẹ̀. Owó ilé yàrá kìíní sì wà nínú búlọ́ọ̀kù rẹ̀. Lónìí, ₦150,000 ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń mú wá lọ́dún. N kò lo éjẹ́ǹtì. Ìyá mi ló ń fi yàrá han èèyàn, ó sì máa ń bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n.

Ìkẹta ni kò rọrùn. Àpò sìmẹ́ǹtì tí mo rà ní ₦2,600 ní 2019, ní oṣù Èrèlé 2024 ọkùnrin kan náà pè é ní ₦10,500 fún mi. Mo dúró ní líńtẹ̀lì. Ṣùgbọ́n páànù rẹ̀ ti wà nílẹ̀, mo sì ti da kọnkéré bo orí ògiri kí omi má baà wọ inú rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ìtìjú ìdúró mú yín lọ yá owó. Dídúró kì í ṣe ìjákulẹ̀, ibi tí èèyàn dúró sí ló ṣe pàtàkì.

Ọmọṣẹ́ mi ní, "Àǹtí, tí n kò bá ní owó àbọ̀ pulọ́ọ̀tì ńkọ́?" Ọ̀nà wà. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ọṣẹ ní Ọjà Ọba kò ní ilẹ̀ kankan. Ní agboolé kan nínú Ìlọrin, yàrá méjì tó kọjú sí títì ti ya lulẹ̀, àwọn ọmọ ẹbí ti tú ká sí Èkó. Ó lọ bá Mọ́gàjí, ó ní òun á tún un ṣe, òun á sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù, kí òun máa jẹ owó rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà, lẹ́yìn náà kó padà di ti ẹbí. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé, àwọn àgbà bọwọ́ lù ú. Ó ń lo ṣọ́ọ̀bù kan, ó fi èkejì yá onígbàjámọ̀. Ogún ẹbí kò sọnù, òun náà rí ohun tó ń jẹ. Agboolé tó nílò irú èyí pọ̀ nínú Ìlọrin, láti Òkèlele dé Pàkátà, mo sì fẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ wa máa lọ béèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Oníbàárà mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì tún sọ ti REIT fún mi. Wọ́n á kó owó ọ̀pọ̀ èèyàn jọ, wọ́n á fi ra ilé tí wọ́n ń fi yáni, wọ́n á sì pín èrè fún àwọn tó ní ìpín. UPDC REIT ti wà ní ọjà ìpín ìdókòwò tó wà ní Èkó láti 2013. Owó ìpín kan kò tó owó búrẹ́dì kan. Ẹni tó ní ₦10,000 lè bẹ̀rẹ̀. Èmi fẹ́ràn ohun tí mo lè fọwọ́ kàn, ṣùgbọ́n kò burú fún ẹni tí àyè ilẹ̀ kò tíì ṣí fún.

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń ṣe tíṣà, wọ́n ń yọ ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀ fún National Housing Fund, àpò owó ìjọba fún ilé. Òfin 1992 ló gbé e kalẹ̀. Ẹni tó bá ń san án lè lọ yá owó ilé lọ́dọ̀ Federal Mortgage Bank, pẹ̀lú èlé tó kéré púpọ̀ sí ti báńkì yòókù. Oníṣẹ́ ọwọ́ náà lè forúkọ sílẹ̀. Àmọ́ wọ́n máa béèrè ìwé ilẹ̀ tó pé, ìdí mìíràn nìyẹn tí mo fi ń lé C of O mi. Nípa ti èlé, kí Mùsùlùmí kọ́kọ́ bi áàfáà rẹ̀. Èmi béèrè, mo sì dúró lórí alájẹṣẹ́kù.

Sátidé ìjẹta, mo mú ọmọṣẹ́ mi dání lọ sí Ọ̀fà. Ìyá mi se àmàlà fún wa. Lẹ́yìn oúnjẹ, mo mú un lọ sí ẹ̀gbẹ́ yàrá kẹta, níbi tí bíríkìlà ti na okùn sílẹ̀ fún yàrá kẹrin, ọjọ́ tó bá wu Ọlọ́run. Mo fún un ní téèpù, n kò sọ nǹkan kan. Ó wọn okùn náà láti igun dé igun, ẹsẹ̀ bàtà 12. Ó wo ògiri yàrá kejì láti mọ gíga. Ẹnu rẹ̀ ń mì.

"96 ni, Àǹtí."

Mo dákẹ́. Ó wo àwòrán ilé tó wà lọ́wọ́ mi, ó fi ìka tọ fèrèsé ẹsẹ̀ bàtà 4 ní 4 tó wà lójú ògiri náà, ó tún ṣírò.

"Rárá o. 82. Fèrèsé gba 14."

Ó yọ káàdì àjọ kan látinú báàgì rẹ̀, tuntun ni, ojú mẹ́rin péré ló ti kún. Ó yí i padà, ó sì kọ 82 sẹ́yìn rẹ̀.